Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Àgbéyẹ̀wò Èdè Àfiwé Nínú Ìwádìí Awọ Sẹ́ẹ̀lì Aláàbò

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí gbé àwọn àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ yẹ̀ wò, èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń sọ ohun tí maikirosikóòpù òde òní ń fi hàn nípa awọ sẹ́ẹ̀lì tí ń dáàbò bo ara. Ohun tí ó fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé orúkọ sábà máa ń ṣáájú ẹ̀rí nínú ìmọ̀ yìí, àti pé orúkọ tí ó bá ṣáájú ẹ̀rí máa ń tan ojú jẹ. Nítorí náà, èdè Yorùbá, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ àwọn nǹkan wọ̀nyí lórúkọ, kò gbọdọ̀ tú àfiwé Gẹ̀ẹ́sì wọlé láìkọ́kọ́ wo ohun tí ẹ̀rọ náà rí ní tòótọ́. Àpilẹ̀kọ náà dábàá pé kí àwọn aṣẹ̀dá èdè-ìperí gbára lé ọ̀rọ̀-ìṣe ju ọ̀rọ̀-orúkọ lọ níbi tí àríyànjiyàn kò bá tíì parí.

1.0 Ìfáárà

Ìmọ̀ kí ìmọ̀ tí ó bá ń sọ nípa ohun tí ojú lásán kò lè rí ní láti yá ọ̀rọ̀ lò lọ́wọ́ ohun tí ojú ti mọ̀. Ní ọdún 1665, Robert Hooke sọ nípa kọ́ọ̀kì, ìyẹn èèpo igi tí wọ́n fi ń dé ìgò, tí ó gbé sábẹ́ maikirosikóòpù. Ó rí ihò wẹ́wẹ́ tí ó tò léra wọn, ó sì fún wọn ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí yàrá kékeré. Orúkọ yẹn ni ó di sẹ́ẹ̀lì. Ohun tí Hooke rí ni ògiri òfìfo tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ohun alààyè inú rẹ̀ ti kú. Sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn kò ní ògiri, kò sì ṣófo, síbẹ̀ orúkọ yàrá kò kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ìwádìí lórí awọ sẹ́ẹ̀lì aláàbò, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ara fi ń dá àrùn mọ̀ tí ó sì fi ń lé e. Wọ́n fi awọ náà wé omi, wọ́n fi wé gẹdú àsopọ̀ lórí omi, wọ́n fi wé òkun tí erékùṣù wà nínú rẹ̀. Àwọn àfiwé wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ èdè lásán. Àwọn ni wọ́n ń darí ohun tí olùwádìí ń retí láti rí kí ó tó fi ojú sí ẹ̀rọ, àwọn náà ni wọ́n sì ń pinnu ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbà gbọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti ka ìwé tán.

Ọ̀rọ̀ yìí kan onímọ̀ ẹ̀dá-èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ti fi hàn pé èdè Yorùbá tó láti fi kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ìdìpọ̀ méjèèjì ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé (1984) àti Ọládélé Awóbùlúyì (1990) ṣe olóòtú wọn, ti fi hàn pé èdè náà lè ṣàlàyé ara rẹ̀ àti lítíréṣọ̀ rẹ̀. Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2022, pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni ìjọba fagi lé ní 2025. Ọ̀kan nínú ohun tí àwọn alátakò irú ìlànà bẹ́ẹ̀ máa ń sọ ni pé èdè abínibí kò ní ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Èsì tí ó yẹ kì í ṣe kí a kó ọ̀rọ̀ jọ yàngà. Èsì tí ó yẹ ni kí ọ̀rọ̀ tí a bá ṣẹ̀dá péye.

2.0 Ìmútóbi kọ́, ìyàsọ́tọ̀ ni

Ìtumọ̀ tí ó máa ń yá sí ni lẹ́nu fún maikirosikóòpù ní Yorùbá dá lórí ìmútóbi: awò-amóhuntóbi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìhun ọ̀rọ̀ náà kò ní àbùkù. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ni ó sọ àpólà ìṣe "mú ohun tóbi" di ọ̀rọ̀-orúkọ, bí ó ti rí nínú ọ̀pọ̀ orúkọ ohun èlò. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ó ní àbùkù, nítorí pé kì í ṣe ìmútóbi ni iṣẹ́ tí ó ṣòro jù fún irú ẹ̀rọ yìí.

Ẹni tí ó bá dúró lójú títì lóru mọ èyí. Iná iwájú ọkọ̀ tí ó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn máa ń dàbí ẹyọ kan. Bí ọkọ̀ náà ṣe ń súnmọ́ ni iná kan ń di méjì. Bí ẹnikẹ́ni bá ya fọ́tò ọkọ̀ náà nígbà tí ó ṣì jìnnà, tí ó sì sọ fọ́tò náà di ńlá bí ara ògiri, iná kan náà ni yóò rí, yóò kàn fẹ̀ sí i ni. Ohun tí ó sọnù nínú fọ́tò náà kì í ṣe títóbi, ìyàtọ̀ láàárín iná méjì ni.

Ernst Abbe ṣàlàyé ààlà yìí ní 1873. Ìmọ́lẹ̀ kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ohun méjì tí wọ́n bá súnmọ́ ara wọn ju nǹkan bí ìdajì gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ náà lọ. Fún ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn ń rí, èyí tó nǹkan bí 200 nánómítà. Awọ sẹ́ẹ̀lì kò nípọn ju nǹkan bí nánómítà márùn-ún lọ. Ogójì irú awọ bẹ́ẹ̀, bí a bá tò wọ́n léra, ni yóò wọ inú ohun tí maikirosikóòpù ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ ń rí bí ẹyọ kan. Maikirosikóòpù tí ń lo ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọjá ààlà náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì alààyè ni ó ń wò.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà yẹra fún ààlà Abbe. Èkíní ni STED, tí Stefan Hell àti Jan Wichmann dábàá ní 1994: ìmọ́lẹ̀ kejì, tí ó rí bí òrùka, ni wọ́n fi ń pa etí ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ kú, kí ó lè jẹ́ pé àárín gbùngbùn nìkan ni yóò máa tàn. Èkejì ni PALM àti STORM, tí wọ́n jáde ní 2006 láti ọ̀dọ̀ Eric Betzig àti Xiaowei Zhuang pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ọ̀nà kejì yìí dàbí ọjà alẹ́ tí ènìyàn ń wò láti orí òkè. Bí gbogbo fìtílà ọjà bá ń tàn lẹ́ẹ̀kan náà, ìmọ́lẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan ni ẹni tí ó wà lókè yóò rí. Ṣùgbọ́n bí fìtílà díẹ̀ bá ń tàn, tí wọ́n kú, tí àwọn díẹ̀ mìíràn tún tàn, yóò lè sàmì sí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìwò bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà á to àwọn àmì náà pọ̀ di àwòrán kan. Ó lè fi àṣìṣe tí kò ju nǹkan bí ogún nánómítà lọ sọ ibi tí mólékù kan wà. Betzig, Hell àti W. E. Moerner, ẹni tí ó kọ́kọ́ rí àmì mólékù kan ṣoṣo ní 1989, ni wọ́n jọ gba Ẹ̀bùn Nobel fún Kẹ́mísìrì ní 2014.

Gírámà Yorùbá ní ohun tí ó wúlò láti sọ níbí. "Ó wò ó, kò rí i" jẹ́ gbólóhùn tí ó tọ́. Wò ń tọ́ka sí akitiyan ojú, rí ń tọ́ka sí àbájáde akitiyan náà. Nínú PALM, kò sí àkókò kankan tí ojú kan rí gbogbo àwòrán náà. Ẹ̀rọ wò ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìṣirò ni ó sì pinnu ohun tí a rí. Babatunde Lawal (2001) ti ṣàlàyé pé àwòrán jẹ́ ìkékúrú à-wò-rántí, ohun tí a ń wò láti fi rántí ohun mìíràn. Ìtúpalẹ̀ yìí, tí ó wáyé nípa iṣẹ́ ọnà, bá àwòrán PALM mu rẹ́gí: ìrántí àwọn ìmọ́lẹ̀ tí ó ti kú ni, kì í ṣe ohun náà fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni a fẹ́ fi sọ ọ́ lórúkọ, awò-ayohunsọ́tọ̀ ni ó tọ́ sí àwọn ẹ̀rọ tuntun wọ̀nyí.

3.0 Omi, gẹdú àti erékùṣù

3.1 Omi

Singer àti Nicolson (1972) fi awọ sẹ́ẹ̀lì wé omi ọ̀rá alágbèékà méjì tí àwọn pùrótéènì léfòó nínú rẹ̀ bí àwo wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ilẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Àfiwé méjì tí wọ́n tako ara wọn ni wọ́n so pọ̀. Ilẹ̀ tí a fi àwo tò, bí ilẹ̀ alápàáàdì tí àwọn awalẹ̀pìtàn wú jáde ní Ilé-Ifẹ̀, kì í ṣí nípò. Omi kì í dúró. Níbi tí àfiwé náà ti tako ara rẹ̀ gan-an ni agbára rẹ̀ wà, nítorí pé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé àfiwé ni. Ẹ̀rí sì ti ṣáájú rẹ̀. Frye àti Edidin (1970) ti so sẹ́ẹ̀lì ènìyàn pọ̀ mọ́ ti eku, wọ́n sì rí i pé láàárín nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú pùrótéènì àwọn méjèèjì ti dàpọ̀ mọ́ra lójú awọ náà.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó wà nílẹ̀ ni awọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ awọ lè rántí awọ ìlù tàbí ti bàtà, ohun gbígbẹ tí ó le. Ṣùgbọ́n Yorùbá tún ń pe ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bo inú èèpo ẹyin ní awọ. Ọ̀rọ̀ náà lè dúró, bí a bá fi ohun tí ó fi ṣe ara yán an: awọ ọlọ́ràá.

3.2 Gẹdú àsopọ̀

Ní 1997, Simons àti Ikonen sọ pé àwọn ọ̀rá kan máa ń kóra jọ lójú awọ sẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì fi wọ́n wé pákó àsopọ̀ tí ń léfòó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi irú gẹdú bẹ́ẹ̀ gba ojú ọ̀sà wá sí ibi ìlagi ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ó ní etí, ó ṣeé dúró lé, ó sì lè wà lórí omi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìtumọ̀ tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò sí ní 2006 sọ pé ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ kò tóbi ju nánómítà 10 sí 200 lọ, àti pé ó ń yí padà lọ́gán. Nígbà tí Eggeling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (2009) fi STED wò ó lára sẹ́ẹ̀lì alààyè, wọ́n rí i pé àwọn ọ̀rá kan máa ń há fún nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá ní ibi tí kò tó ogún nánómítà. Ohun tí ó há fún ìwọ̀nba àkókò yẹn kò tíì di ohun tí a lè dúró lé. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni, àfiwé náà sì ti sọ ọ́ di ohun èlò.

3.3 Erékùṣù

Ọ̀rọ̀ kẹta yìí ni ó yẹ kí aṣẹ̀dá èdè-ìperí fara balẹ̀ wò jù. Lillemeier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (2010) lo PALM pẹ̀lú àwọn ọ̀nà mìíràn. Wọ́n kéde pé pùrótéènì olùgbàmì, èyí tí sẹ́ẹ̀lì T fi ń dá àjèjì mọ̀, àti pùrótéènì mìíràn tí ń jẹ́ Lat, wà lórí erékùṣù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lára awọ sẹ́ẹ̀lì, àti pé bí sẹ́ẹ̀lì bá ti tají, àwọn erékùṣù náà á so kọ́ra láìdàrú pọ̀.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Annibale àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (2011) fi hàn pé àmì atàn kan ṣoṣo lè máa ṣẹ́jú: ó tàn, ó kú, ó tún tàn. Bí ẹni tí ń ka fìtílà lórí òkè kò bá fura, yóò ka fìtílà kan sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, gbogbo wọn á sì wà lójú kan náà. Ẹyọ kan á wá dàbí agbo. Rossboth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (2018) ṣọ́ra fún àṣìkà yìí, wọ́n sì sọ pé lára àwọn sẹ́ẹ̀lì T tí wọ́n wò ní ìsinmi, olùgbàmì fọ́nká ni. Kò sí erékùṣù. Ìwádìí mìíràn ní 2018 kan náà kìlọ̀ pé ohun tí wọ́n fi ń lẹ sẹ́ẹ̀lì mọ́ díńgí lè jí sẹ́ẹ̀lì tí olùwádìí rò pé ó ń sùn.

Ìrísí awọ náà tún dá kún ọ̀rọ̀. Ojú sẹ́ẹ̀lì T kò tẹ́ bí ojú omi. Ìka tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó yọ sí gbogbo ara rẹ̀. Jung àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (2016) rí i pé ara àwọn ìka wọ̀nyí ni olùgbàmì pọ̀ sí. Bí ènìyàn bá na ọwọ́ sókè, tí ẹlòmíràn sì wo orí ìka márùn-ún rẹ̀ láti òkè, àmì rìbìtì márùn-ún ni yóò rí. Kò ní rí ọwọ́. Ohun tí ó jẹ́ ìka lè di erékùṣù lójú ẹni tí ó bá rò pé ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni òun ń wò.

Kì í ṣe iṣẹ́ onímọ̀ èdè láti dájọ́ láàárín àwọn ilé ìwádìí wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ ohun tí orúkọ fi kún ẹ̀rí. Ohun tí ẹ̀rọ fi hàn ni pé àmì pọ̀ níbì kan ju ibòmíràn lọ. Ọ̀rọ̀ náà erékùṣù fi ohun mẹ́ta kún un: pé ibẹ̀ ní etí, pé ó dúró sójú kan, àti pé ohun tí ó yí i ká ṣófo. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kíka àmì nìkan lè fi múlẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀rọ̀ náà yóò máa wá etíkun kiri, kò sì ní béèrè bóyá ilẹ̀ wà níbẹ̀ rárá.

4.0 Ìdìmọ́ra àti ogun

Ní 1998, Monks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé níbi tí sẹ́ẹ̀lì T ti fara kan sẹ́ẹ̀lì mìíràn, àwọn pùrótéènì lè to ara wọn ní òrùka nínú òrùka. Grakoui àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (1999) pe ibi ìfarakànra náà ní sínápùsì, orúkọ tí Charles Sherrington ti lò ní 1897 fún ibi tí iṣan ìmọ̀lára méjì ti pàdé, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ìdìmọ́ra. Ohun tí ó di ara rẹ̀ mú ti dúró. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì T máa ń fọwọ́ kan nǹkan kí ó sì kọjá lọ. Nígbà tí yóò fi di 2008, Dustin ti ń lo orúkọ mìíràn, kinapse, fún ìfarakànra tí kò dúró sójú kan. Orúkọ àkọ́kọ́ ti dín ojú ohun tí a lè rí kù, àfi ìgbà tí orúkọ kejì dé.

Àfiwé tí ó wọ́pọ̀ ní Yorùbá nínú ètò ìlera ni ọmọ ogun ara, tàbí sójà ara. Ó rọrùn láti lóye, ó sì ti ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ láti mọ ohun tí kòkòrò HIV ń bà jẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ọmọ ogun ti mọ ọ̀tá rẹ̀ kí ó tó jáde. Cai àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (2017) fi hàn pé àwọn ìka tẹ́ẹ́rẹ́ ara sẹ́ẹ̀lì T máa ń tọ́ èyí tí ó pọ̀ jù wò nínú ojú tí ó dojú kọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Iṣẹ́ ìdánimọ̀ ni èyí, kì í ṣe ìjà. Oníbodè ìlú ni ó ń ṣe irú rẹ̀, ẹni tí ń yẹ àlejò wò kí ó tó mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ tàbí ọ̀tá ni. Oníbodè náà ní ààlà, nítorí pé ẹnu ibodè ni ó ń jókòó sí, sẹ́ẹ̀lì T sì ń rìn káàkiri. Bí a bá fẹ́ àfiwé, ọlọ́dẹ tí ń yí àdúgbò ká lóru súnmọ́ ọn ju sójà lọ.

Ọ̀rọ̀ àjẹsára náà yẹ ní yíyẹ̀wò. Ohun tí a jẹ sí ara ni, ohun tí ó ti òde wọlé. Ó bá abẹ́rẹ́ mu. Kò bá sẹ́ẹ̀lì tí ó ti wà nínú ara ọmọ kí ó tó gba abẹ́rẹ́ kankan mu. Fífi orúkọ kan pe méjèèjì lè mú kí òbí rò pé ara ọmọ kò ní ààbò tirẹ̀ rárá, tàbí pé abẹ́rẹ́ ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Ààbò àdánidá ni ó yẹ fún èyí tí a bí mọ́ni.

5.0 Ohun tí ó kan aṣẹ̀dá èdè-ìperí

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ó ṣáájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ta ni ó wò, irú ẹ̀rọ wo ni ó sì fi wò? Kí ni ó rí, yàtọ̀ sí ohun tí ó ṣírò? Kí ni orúkọ náà fi kún un? Bí ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta bá pọ̀ ju ti ìkejì lọ, kí orúkọ náà dúró ná.

Èdè Yorùbá ní ohun tí yóò lò ní àsìkò ìdúró yẹn. Gẹ̀ẹ́sì sáyẹ́ǹsì fẹ́ràn láti sọ ìṣe di orúkọ. Gbólóhùn Yorùbá kò ní ìṣòro láti gbé ìṣe kalẹ̀ bí ìṣe: olùgbàmì fọ́nká, olùgbàmì kóra jọ, olùgbàmì so kọ́ra. Ọ̀rọ̀-ìṣe gba àsìkò àti ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ mọ́ra. Wọ́n ń kóra jọ yàtọ̀ sí wọ́n ti kóra jọ, àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ sí wọ́n máa ń kóra jọ. Ìyàtọ̀ mẹ́ta yìí gan-an ni àwọn olùwádìí ń jiyàn lé lórí. Ọ̀rọ̀-orúkọ bí erékùṣù pa gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Àwọn kan lè sọ pé ìmọ̀ kò lè rìn láìsí àfiwé. Òótọ́ ni. Bí kò bá sí ẹni tí ó pè é ní gẹdú tàbí erékùṣù, bóyá ni ẹnikẹ́ni ìbá wá a rí. Ṣùgbọ́n àfiwé olùwádìí yàtọ̀ sí èdè-ìperí. Olùwádìí lè kọ àfiwé rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó bá wọ ìwé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè lo ìran kan níbẹ̀. Àwọn mìíràn lè ní kí a yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò bí ó ti wà. Ó bójú mu fún orúkọ bíi PALM tàbí Lat, tí kò sọ ìtàn kankan. Kò bójú mu fún àfiwé, nítorí pé àfiwé tí a yá láìtú ń mú ìtumọ̀ rẹ̀ dání fún ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì yadi fún ẹni tí kò gbọ́.

Ẹni tí ó yadi sí ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì T tí ń wọ abẹ́ maikirosikóòpù ti ń wá. Ẹni tí wọ́n bá ní kí ó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ní èdè tí ó yé e, kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Bí wọ́n bá sọ fún un pé wọ́n fẹ́ wo erékùṣù lára sójà ara rẹ̀, ó ti gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́ òótọ́. Bí wọ́n bá sọ pé wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ohun tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ fi ń dá àrùn mọ̀ kóra jọ tàbí wọ́n fọ́nká, yóò lóye, yóò sì lè béèrè ìbéèrè.

6.0 Ìgúnlẹ̀

Àgbéyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé nínú àwọn orúkọ tí wọ́n fún awọ sẹ́ẹ̀lì aláàbò láti 1972, èyí tí ẹ̀rí ṣáájú rẹ̀ ni ó pẹ́ jù láìtan ènìyàn jẹ, àti pé àwọn tí wọ́n ṣáájú ẹ̀rí ni maikirosikóòpù tuntun ń dá padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Yorùbá kò pàdánù nípa pípẹ́ dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó dé lẹ́yìn àríyànjiyàn ní àǹfààní láti gbọ́ ti tọ̀tún-tòsì kí ó tó sọ̀rọ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé ọmọ yìí kò ju nánómítà márùn-ún lọ, wíwò rẹ̀ sì gba sùúrù. Kí àwọn ìgbìmọ̀ èdè-ìperí pe àwọn onímọ̀ ìmúṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì mọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀-ìṣe sí ipò orúkọ títí ẹ̀rí yóò fi tó láti sọ ọmọ náà lórúkọ.